Báàgì Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Tokyo

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àgbàlagbà kì í wo eré àwòrán ọmọdé. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ mẹ́ta ni mo bí, mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ilẹ̀, mo sì ti sunkún lójú ọkọ àti ọmọ nítorí róbọ́ọ̀tì.

Àwọn ará Japan ló ya róbọ́ọ̀tì náà. Ó ga tó ilé alájà mẹ́ta, àwọ̀ ewé ni, ó lè fi ọwọ́ kan gbé ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù omi. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, abẹ́ afárá ni ẹ ó ti bá a, tó káwọ́ lérí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí ní Ìkìrun nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i nínú tẹlifíṣọ̀n ará ilé kejì. Èmi náà kì í lè sọdá odò nígbà náà. Mo wò ó, mo ní a pé méjì nìyẹn.

Iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ló gbé mi dé Maiduguri. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ọkọ mi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀, tó ń ta páànù ní àdúgbò Custom. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní Post Office tó ń ta àwo fíìmù. Òun ni mo máa ń lọ bá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó yẹ àwo tí mo mú wò, ó ní, "Mama, wannan na yara ne." Ti ọmọdé ni, ni ohun tó ń sọ. Mo ní, "Na sani," mo mọ̀. Ó bèèrè iye ọmọ tí mo ní. Mo ní mi ò tíì bí. Láti ìgbà náà ló ti ń bá mi dín owó kù, bóyá nítorí àánú.

Nígbà tí ìjà àwọn agbébọn wá le, tí wọ́n bá kéde kónílé-ó-gbélé, àwọn aládùúgbò a máa ka ìbọn tó ń dún. Èmi àti àbíkẹ́yìn mi a máa wo róbọ́ọ̀tì. Ọmọbìnrin náà gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ. Bí ìró kan bá mi fèrèsé wa ní Bulabulin, á ní kí n yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kọ̀wé pè mí sí ìpàdé ní Tokyo, ọkọ mi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbójú sókè.

"Ṣé ilẹ̀ lo fẹ́ lọ wò, àbí irin?"

"Ilẹ̀ ni wọ́n pè mí sí, Bàbá wa. Irin ni mo gbọ́."

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi sọ̀rọ̀ iyanrìn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo dé ni akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì ti sọ fún mi pé àwòrán àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ yà nípa róbọ́ọ̀tì mi wà nínú ilé kékeré kan lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó ní Sátidé ni ọjọ́ tí wọn ó fi í hàn kẹ́yìn. Ó ní àádọ́ta ènìyàn péré ni wọ́n ń gbà wọlé lóòjọ́, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn tó bá kọ́kọ́ tò. Ọkọ̀ òfuurufú tèmi sì ń gbéra ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Lẹ́yìn ogójì ọdún, àárọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní.

Aago méje ni mo débẹ̀. Èrò ni mo retí. Kò sí ènìyàn kankan. Báàgì ni mo bá.

Wọ́n tò sórí ilẹ̀ ní ìlà tó gún régé láti ẹnu ọ̀nà: báàgì àgbékọ́yìn, báàgì àfọwọ́fà, àpótí tó ní táyà, agboòrùn kan láàárín wọn. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn tó ni wọ́n kò sí nítòsí. Mo fà sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní Maiduguri, báàgì tí kò sí ènìyàn nídìí rẹ̀ kì í ṣe báàgì mọ́. Bọ́ǹbù ni, títí wọn ó fi ṣí i wò. Ìṣojú mi ni ọjà Bulabulin ti tú ká nítorí àpò kan tí obìnrin kan gbé kalẹ̀ kó lè ṣa tòmátì. Ẹ̀wà ló kún inú rẹ̀. Ẹ̀wà náà kò bú, ṣùgbọ́n ó tó wákàtí méjì kí ẹnikẹ́ni tó lọ bá a. Obìnrin náà gan-an, níwájú gbogbo wa ló ti ń sá. Ó gbàgbé pé òun ló ni ín.

Kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé ẹ̀yìn òpó sìmẹ́ǹtì kan. Bàbá àgbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, yọjú wò mí. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì kékeré sọ fún un pé báàgì wà, ènìyàn kò sí. Ó tẹrí ba. Ó nàka sí báàgì kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì, ó dé ìparí ìlà, ó nàka sí ilẹ̀ òfìfo, ó wá nàka sí báàgì mi. Ìgbà náà ló tó yé mi. Wọ́n fi ẹrù di àyè mú, wọ́n lọ jẹun. Ó ní kí n gbé tèmi kalẹ̀, kí n lọ jẹun pẹ̀lú.

Kó yéni lọ́tọ̀, kí ẹsẹ̀ gbà lọ́tọ̀. Mo dì mọ́ òpó. Bí mo ti ń wò, ọmọbìnrin kan dé, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó tún un tò kó bá ìlà mu, ó lọ. Tọkọtaya kan dé, wọ́n gbé tiwọn sílẹ̀, wọ́n lọ. Wọ́n ń gba àyè mi níṣojú mi, wọn kò sì sí níbẹ̀.

Mo pe ilé. Alẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn, wọn kò tíì sùn.

"Báàgì mélòó?" ọkọ mi bèèrè.

"Wọ́n ti di méjìdínlógójì, pẹ̀lú agboòrùn kan."

"Kò sẹ́nì kankan nídìí wọn?"

"Wọ́n lọ jẹun."

"Gbogbo wọn? Lẹ́ẹ̀kan náà? Màmá wa, kúrò níbẹ̀. Irin ò níyì tó bẹ́ẹ̀."

Àbíkẹ́yìn mi já fóònù gbà. "Mama, ki tsaya mana. Ba bom ba ne." Ó ní kí n dúró, pé kì í ṣe bọ́ǹbù.

"Ta ló sọ fún ọ?" ni ohùn bàbá rẹ̀ lẹ́yìn.

"Baba, ta ló máa fi agboòrùn ṣe bọ́ǹbù?"

"Àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ ṣe é ńkọ́?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn láàárín ara wọn, lórí fóònù tèmi, nípa bóyá kí n kú. Mo pa á.

Nígbà tí mo tún kà, ó ti di méjìdínláàádọ́ta. Àyè méjì ló kù. Mo gba àdúrà tí a máa ń gbà níbi tí àwọn sójà ti ń yẹ ara ẹni wò, mo jáde, mo lọ dúró sẹ́yìn báàgì tó kẹ́yìn. Dúdú ni, ó sanra. Mo kí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín: mo ní, "Ẹ káàárọ̀," torí òun ló ṣáájú mi débẹ̀. Ọkùnrin kan dé, ó ṣí fìlà lórí, ó fi í lélẹ̀ sẹ́yìn mi, ó lọ. Ìlà kún.

Báyìí ni mo ṣe dúró, èmi nìkan ènìyàn láàárín ẹrù, tí mo gbá báàgì mi mọ́ àyà. Àwọn tó ń kọjá ń yà mí ní fọ́tò.

Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ìtọ̀ dé. Ẹni tó mu tíì òtẹ́ẹ̀lì ife mẹ́ta, tó fi ẹ̀rù wákàtí méjì lé e, kò lè bá ìtọ̀ jà. Ilé ìtọ̀ wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bí mo bá gbé báàgì mi lọ, àyè mi lọ. Pásípọ́ọ̀tù mi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe pásípọ́ọ̀tù ló ń dà mí láàmú. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí n kò gbé báàgì kalẹ̀ ní gbangba kí n kẹ́yìn sí i. Èmi ni mo fẹ́ di obìnrin tí gbogbo ọjà ń sá fún.

Mo gbé e kalẹ̀. Mo ṣí ẹnu rẹ̀ gbàgà, kí ẹni tó bá fẹ́ lè rí i pé súwẹ́tà àti ìwé iyanrìn ló wà níbẹ̀. Bàbá oníbọ̀wọ́ rọra wá, ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo tún un ṣí. Ó tún un pa dé. Ìtọ̀ ló là wá.

Ìlà gígùn wà nílé ìtọ̀ pẹ̀lú; nígbà tí mo padà, aago mẹ́wàá ti lù, àwọn ẹlẹ́rù ti dé, ìlà ti sún síwájú, ibi tí mo gbé báàgì mi sí sì ṣófo pátápátá. Mo ní wọ́n ti pe àwọn tó ń tú bọ́ǹbù. Mo tilẹ̀ gbójú sókè bóyá mo lè rí èéfín. Ìgbà náà ni bàbá oníbọ̀wọ́ juwọ́ sí mi. Ní iwájú lọ́hùn-ún, ní ipò mi gẹ́lẹ́, ọkùnrin onífìlà fi ọwọ́ méjèèjì gbé báàgì mi bí ọmọ ìkókó tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ìlà bá sún ẹsẹ̀ kan, á gbé e sún ẹsẹ̀ kan. Òun fúnra rẹ̀ kò tẹ àyè mi. Ó fi lé mi lọ́wọ́, ó tẹrí ba. Èmi náà kúnlẹ̀, ìkúnlẹ̀ Ìkìrun. Ó rú u lójú. Òun náà kúnlẹ̀. Bàbá oníbọ̀wọ́ ló wá gbé wa dìde kí ìlà lè máa lọ.

Àwòrán náà kéré ju ìwé ìdánwò lọ. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi yà á. Kò tíì ní àwọ̀, kò tíì ní ọwọ́ òsì. Ẹni tó yà á ti pa ibẹ̀ rẹ́ títí ìwé fi fẹ́ lu. Mo dúró tì í títí wọ́n fi ní kí n sún. Mo sunkún díẹ̀. Ọkùnrin onífìlà ń sun tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a kò sì dí ara wa lọ́wọ́.

Pápákọ̀ òfuurufú ni mo wà nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Maiduguri. Àbíkẹ́yìn mi ló gbé fóònù.

"Mama, kin shiga?"

"Mo wọlé."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fi mí lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ mi gbọ́ ìtàn náà dé ibi ìtọ̀, ó dá mi dúró.

"O gbé báàgì rẹ sílẹ̀ láàárín ìgboro?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta lo wá ní kó máa ṣọ́ ọ?"

"Àwọn báàgì yòókù."

 Ó bèèrè bóyá wọ́n ṣọ́ ọ dáadáa.