Omi Gbígbóná Yèyé

Mo rántí ìgbà tí bàtà mi ń ró ko-ko-ko lórí títì Òkè-Fìà, tí àwọn aránṣọ á gbójú kúrò lórí ẹ̀rọ wọn kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń kọjá. Èmi ni. Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òṣogbo, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ wáyà ní rélùwéè. Òun ló máa ń gun òpó lọ tún wáyà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ láti ibùdó rélùwéè kan sí èkejì ṣe. Ó dá mi lójú pé kò sí ẹlẹ́sẹ̀ bíi tèmi ní gbogbo ìlú. Bí mo bá rí obìnrin tó ń wọ́ bàtà nílẹ̀, mo máa ń yọ ṣùtì sí i lọ́kàn mi. Àwọn àgbà ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba owó oṣù?

Ogun abẹ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, obìnrin. Ìyá tó bí mi, tí a ń pè ní Yèyé bí àwa Ìjẹ̀ṣà ti ń pe ìyá, fi oko kòkó àti obì rẹ̀ sílẹ̀ nítòsí Ìbòkun, ó wá tọ́jú mi. Iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n lábúlé nìyẹn. Kò sí ìyá ìkókó kan lágbègbè náà tí kì í ṣe òun ló wẹ̀ ẹ́. Àwọn ará ilé ọkọ mi máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé "uná" ló ń pe iná, "ulé" ló sì ń pe ilé. Òun náà á ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni àwọn ará Òṣogbo ń pè ní omi gbígbóná. Láàárọ̀ kùtù ni yóò ti ki tówẹ̀lì bọ inú omi tó ń hó, á fún un, á fi jó ikùn mi àti ìbàdí mi títí ara mi á fi pọ́n. Bí mo bá figbe ta, á ní, "Ké e dáadáa. Ẹni tí òtútù bá wọ̀ lára lẹ́yìn ìbímọ kì í rí igbe ké."

Ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín sí wa kí nǹkan tó bẹ̀rẹ̀. Ojú mi ọ̀tún ló kọ́kọ́ ṣú, bí ẹni pé mò ń wo ayé láti inú èéfín. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ mi méjèèjì kú tipiri. Lọ́jọ́ kan mo lọ ra ẹran, mo wolẹ̀, mo rí i pé bàtà mi kan ti bọ́ sọ́nà, mo sì ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn débẹ̀ láìmọ̀. Èmi tí mo ń yọ ṣùtì sí àwọn tó ń wọ́ bàtà! Ní ilé ọkọ mi, wọ́n ní mo ti tẹ nǹkan. Ní dísípẹ́ńsárì, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ló kéré. Yèyé ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ní, "Òtútù ọmọ ló wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Omi ni yóò lé e." Ó sì ti igi kún iná.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní balùwẹ̀ rèé. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni ojú mi ṣe ń ṣú tó, ẹsẹ̀ mi á sì rọ̀ débi pé ọkọ mi ló máa ń wá gbé mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lónìí lè ní kí ló dé tí a ò fi omi náà sílẹ̀. Ẹ má tíì dá wa lẹ́jọ́. Ta ni ò mọ̀ pé ohun tó bá fẹ́ jáde lára ẹni á kọ́kọ́ dani láàmú? Bí ibà bá fẹ́ lọ, ṣebí òógùn á bo èèyàn. Bí eéwo bá fẹ́ tú, ìgbà yẹn gan-an ló ń dunni jù. Nítorí náà, bí mo bá ti rọ̀ sí apá Yèyé, inú rẹ̀ á dùn. Á bi mí pé, "Ó ń jáde àbí kò jáde?" Èmi á sì dáhùn wẹ́rẹ́ pé, "Ó ń jáde, Yèyé." Tó bá ṣe díẹ̀ tí ara mi tutù, ojú á là, ẹsẹ̀ á gbà mí dúró, gbogbo wa á ní omi ti ṣiṣẹ́.

Lójú wa, ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, torí nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ lọ pátápátá. Mo tún wọ bàtà mi, mo tún ń ró ko-ko-ko. Ọkọ mi ra ìró tuntun fún Yèyé, àwọn tó ń fi "uná" ṣe é ní yẹ̀yẹ́ sì wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn wẹ ọmọ àwọn tó bímọ. Ó fi ayọ̀ padà sí oko rẹ̀.

Ọdún tí wọ́n ní kí ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún títì ni àìsàn náà padà. Èmi ò tiẹ̀ mọ ọwọ́ tí mo ń gbà mọ́. Mo fẹ́ lọ síwájú, ẹsẹ̀ ń gbé mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ ilé ìwé mi rò pé mo mutí. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo lọ bá Yèyé lábúlé. Ó ti dàgbà díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣẹ́gi, tó ń pọnmi, kí omi mi lè gbóná ju ti àtijọ́ lọ. Ìbéèrè náà kò yí padà, ìdáhùn mi náà kò yí padà. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, àìsàn náà ò lọ tán.

Ọkọ mi ló gbọ́ pé dókítà òyìnbó kan wà ní Iléṣà tó mọ̀ nípa iṣan àti ọpọlọ. Àwa mẹ́ta la jọ lọ. Ó fi òòlù kékeré kan lù mí lórúnkún, ó tan iná sí mi lójú, ó fi abẹ́rẹ́ fa omi ní ẹ̀yìn mi. Lẹ́yìn náà ló bi mí ìgbà tó máa ń le jù. Mo ní tí wọ́n bá wẹ̀ mí tán. Ó gbé gègé sílẹ̀. Ó ní àìsàn iṣan kan ló ń ṣe mí, pé ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ìdí nìyẹn tí ọkàn ẹnikẹ́ni ò fi lọ síbẹ̀. Ó wá sọ pé ní ìlú tiwọn, bí àwọn dókítà bá fura sí i lára ẹnì kan, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sínú omi gbígbóná, kí wọ́n wò ó bóyá ojú rẹ̀ á ṣú. Àyẹ̀wò ni. Àyẹ̀wò náà sì ni ìyá mi ti ń ṣe fún mi láràárọ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà yíjú sí Yèyé, ó ní, "Ìyá, dókítà ní omi gbígbóná ló ń mú àìsàn náà jáde."

"Mo wí!" Yèyé pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò gbọ́ o? Mo wí fún wọn ní ulé!"

Nọ́ọ̀sì mi orí. "Rárá, Ìyá. Kì í ṣe pé ó ń jáde lọ. Ó ń jáde síta ni, kí a lè rí i. Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, àìsàn náà á yọjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ mọ́."

Dókítà ní kó fi kún un pé omi náà kọ́ ló fa àìsàn, pé bí ara bá tutù, ohun tí omi ṣe á lọ. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́. Èmi náà sọ ọ́. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Yèyé gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé. Dókítà ní iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ojú àti ẹsẹ̀ ní ohun tó bò ó, ohun náà ló ń bó, tó ń di àpá káàkiri. Ọkọ mi ní, "Rọ́bà ara wáyà ló bó. Iṣẹ́ ò ní délé bó ṣe yẹ." Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ tó jẹ́ kí ara mi tètè yá díẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ò tàn wá. Ó ní kò tíì sí oògùn tó ń dá a dúró.

A padà sí Ìbòkun. Láti ọjọ́ náà, omi tútù ni Yèyé fi ń wẹ̀ mí. Kò bi mí bóyá ó ń jáde mọ́. Kò sì wẹ ìyá ìkókó kankan mọ́ láyé rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní ọwọ́ òun ò dára. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Yèyé gbà pé òun ni òwe náà ń bá wí, kò sì rí bẹ́ẹ̀! Kò sí ẹ̀gún lọ́wọ́ rẹ̀. Àìmọye ìgbà ni mo sọ fún un pé, "Yèyé, omi yín kọ́ ló ṣe é." Á ní, "Mo gbọ́." Nígbà tí ọmọ mi tí ó wẹ̀ nígbà náà wá di ìyá ọmọ, tí wọ́n gbé omi kaná, Yèyé dìde kúrò nílé, ó lọ jókòó sábẹ́ igi obì títí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ tán. Ó kú láìjẹ́ kí n rí i pé ó gbà mí gbọ́. Èyí dùn mí ju ẹsẹ̀ mi lọ.

Ó ti pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ ti di bàtà mi. Ní àìpẹ́ yìí, wọ́n gbé mi wọ inú ẹ̀rọ ńlá kan tó ń ya àwòrán ọpọlọ, mo sì fojú ara mi rí àwọn àpá náà, funfun, káàkiri. Ọmọbìnrin kan jókòó tì mí níbẹ̀, àìsàn kan náà ló ń ṣe é. Wọ́n tètè rí tirẹ̀, ó ń gba oògùn tí kì í jẹ́ kó máa padà wá lemọ́lemọ́. Nígbà tí wọ́n pè é, ó dìde, bàtà rẹ̀ ró ko-ko-ko wọlé lọ. Inú mi dùn sí i, mo sì sunkún.

Láràárọ̀, omi tútù ni mo fi ń wẹ̀. Ọmọ mi á bu igbá àkọ́kọ́ lé mi lẹ́yìn, á sì gbọ́ tí mò ń sọ nǹkan. Ó rò pé òtútù ló mú mi. Ó ń jáde, Yèyé, ni mò ń wí. Ó ń jáde.