Ilé Olódi Létí Òkun àti Yàrá Bàbá Wa

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé olódi yẹn, mo rò pé wọ́n tàn mí ni. Ọkọ̀ ti kó àwa òṣìṣẹ́ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárọ̀ kùtù, kí àwọn ẹlẹ́ja Rye Lane tó ṣílẹ̀kùn. Ibi tí a dé, àwókù ni, lórí òkè létí òkun: ilé ìṣọ́ méjì tí kò lórí mọ́, àti ògiri tí koríko ń hù lára rẹ̀.

Kevin, ọ̀gá wa, ló sọ ìtàn ilé náà fún wa bí a ti ń mu tíì. Ìjòyè kan ló kọ́ ọ láyé àtijọ́, nítorí ọ̀tá tó ń gba ojú òkun wọlé. Nígbà tí ogun tán, kò sẹ́ni tó bójú tó o mọ́. Àwọn ará abúlé kó òkúta rẹ̀ lọ kọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀, òkun sì jẹ apá kan ilẹ̀ rẹ̀ lọ.

Mo ní, "Ṣé àwa la máa wá tún un kọ́?"

"Rárá o. Ká ṣáà dì í mú kó má wó ju báyìí lọ ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe birikila, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwókù. Láìmù ni wọ́n gbé fún wa láti fi dí àárín òkúta, ìyẹn òkúta funfun tí wọ́n sun, tí wọ́n wá fi omi àti yanrìn pò. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ lójú mi. Àánú ògiri náà ṣe mí. Mo bu símẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń ri òpó ọgbà, mo yọ́ dà á sínú garawa láìmù mi.

Lọ́jọ́ kẹta, Kevin fi ìṣó ha ibi tí mo dí. Ìṣó ò wọlé.

"Ràṣídì, kí lo fi sí i?"

"Kó lè lágbára ni, ọ̀gá."

Kò bú mi. Ó mú mi lọ síbi tí àwọn kan ti fi símẹ́ǹtì ṣe nígbà kan. Símẹ́ǹtì ṣì le gbagidi, àmọ́ òkúta tó yí i ká ti ń rún bí búrẹ́dì gbígbẹ. Ó ní omi tó bá wọ ògiri àtijọ́ gbọ́dọ̀ rọ́nà jáde. Símẹ́ǹtì ń sé e mọ́nú.

Ilé wa ló wá sí mi lọ́kàn. Ilé alámọ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, mo ti ní kí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ yíká. Ojú ẹsẹ̀ ni mo pe Rábì, àbúrò mi tó ń gbé ibẹ̀.

"Rábì, wọ́n ti rẹ́ ẹ tán?"

"Ó ku yàrá Bàbá, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti po símẹ́ǹtì ẹ̀ sílẹ̀."

"Ní kí wọ́n dáwọ́ dúró! Amọ̀ ni kí wọ́n fi rẹ́ ìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé òtútù ibẹ̀ ti wọ̀ yín lórí ni? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní símẹ́ǹtì!"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbẹ́ símẹ́ǹtì mi kúrò lára ilé olódi yẹn, díẹ̀díẹ̀. Ti Ìsẹ́yìn kò ṣeé gbẹ́, torí amọ̀ máa bá a wá. Nígbà òjò ọdún kejì, símẹ́ǹtì ibẹ̀ ṣí, ó sì kó ara ògiri dání. Pálọ̀ tí a ti kọ́ kéwú, yàrá ìyá wa, gbogbo ẹ̀ lọ. Yàrá Bàbá tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ nìkan ló kù.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, orúnkún ò sì jẹ́ n máa lọ sílé bí mo ṣe fẹ́. Bí òjò bá ti dá ní Ìsẹ́yìn, Rábì máa ń pè mí lórí fídíò. Mo máa ń ní kó fọwọ́ kan ògiri náà fún mi.

"Ṣé ó rin?"

"Ó gbẹ, Ẹ̀gbọ́n. Ó gbẹ táútáú."

Mo máa ń ní kó má tíì gbé ọwọ́ kúrò.