Ọkọ Mi Tó Ń Sá fún Omi

Òórùn kòsáì, àkàrà àwọn Hausa, tí wọ́n ń dín lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ungwan Shanu lókè Ọya ló máa ń sọ fún mi pé ìṣínu ti dé. Láwọn ọdún 1990 wọ̀nyẹn, ọkọ mi ń gba ààwẹ̀ Àtìní, ó ń gba ti Àlàmísì, nígbà tó yá ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbà á lójoojúmọ́. Gbogbo mọ́sáláṣí ń yìn ín. Èmi náà wá ń yan kiri bí ìyàwó àlùfáà àgbà. Àmọ́ tó bá ti fẹ́ ṣínu, á jẹ dàbínù kan, á kàn fẹnu kan omi ni. Ṣé ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti àárọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́ kan mo dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ó ń kérora, ìtọ̀ ń kán tó, tó, tó.

“Alhaji, kí ló dé?”

“Kò jáde mọ́. Bí mi ò bá mu omi, kò ní gbọ̀n mí.”

Háà! Àṣé omi lọkọ mi ń sá fún! Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ó ti pẹ́ tó já bọ́ lórí àkàbà níléeṣẹ́ aṣọ, tí irin gbá a lábẹ́. Ojú egbò yẹn ló le, tó wá fún ọ̀nà ìtọ̀ pa, ìtìjú ò sì jẹ́ kó sọ.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní bó bá fi pẹ́ sí i, kíndìnrín rẹ̀ á bàjẹ́. Wọ́n là á lábẹ́, wọ́n gé ibi tó fún pa kúrò, wọ́n sì rán ojú méjèèjì pọ̀. Rọ́bà ló ń gbé ìtọ̀ rẹ̀ sínú àpò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọjọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà náà layà mi já jù. Dókítà gbé ife omi lé e lọ́wọ́, ó ní, “Alhaji, sha ruwa,” ìyẹn ni pé kó mu omi. Ọkọ mi ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé májèlé fún, ó sì mu ún tán. Nígbà tó yá, ó wọ balùwẹ̀, ó tilẹ̀kùn. Mo dúró síta, mo ń ṣe gbogbo àdúà tí mo mọ̀. Mo wá gbọ́ ọ: ṣààààà! Ìtọ̀ lásán o, ọ̀rẹ́ mi, ni mo jókòó sílẹ̀ tí mo ń sunkún lé lórí.

Ó yọjú, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. “Ìyá Ìbejì, bá mi bu omi sí i.”

Ó ṣì ń gbààwẹ̀ dòní. Tí wọ́n bá ń yìn ín, mi ò kí ń dá sí i, ìṣínu ni mo máa ń dúró dè. Tó bá ti gbé ife omi kan mu tán, tó tún nawọ́ fún òmíràn, ọkàn mi á balẹ̀, mo mọ̀ pé Ọlọ́run ló gba ààwẹ̀ náà fún.