Àdúrà Ni Wọ́n Dìbò Fún, Iṣẹ́ Ajue Sì Lọ

Orí mi gbóná gan-an lónìí!

Ilé-iṣẹ́ kan ń wá ọlọ́kadà tí á máa kó epo pupa láti Ajue wá sí Ọ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí gárééjì kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó fi ju èkejì lọ.

Alága gárééjì wa ní ká dìbò lórí ohun tí a máa sọ. Èmi ọba ọ̀nà Ajue, mo ní, "Alága, ẹ jẹ́ ká sọ pé epo kì í dànù lọ́wọ́ wa."

Àwọn ọlọ́kadà yòókù ní, "Jókòó, ẹlẹ́nu! Ta ló ń gbàdúrà àárọ̀ tó wa?"

Gbogbo wọn nawọ́ fún àdúrà!

Gárééjì kejì ló gbaṣẹ́. Alága ní ká fi kún àdúrà.

Ẹ gbà mí o, ṣé kí n máa ṣe àmín ni, àbí kí n gbé ọ̀kadà mi lọ bá àwọn tó ríṣẹ́?