Wọ́n Ní Mo Dákẹ́

Nílé wa ní Adéwọlé, ní Ìlọrin, rédíò ni wọ́n máa ń pè mí. Bàbá mi ló sọ mí lórúkọ yẹn nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ní rédíò tiẹ̀ sàn díẹ̀, torí pé èèyàn lè pa á. Ẹnu mi kì í dilẹ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí ni mo fi ṣáájú, kí ẹni tó bá ń kà á lè mọ irú ọmọ tí wọ́n sọ pé ó dákẹ́.

Nígbà tí mo parí ilé-ẹ̀kọ́ kéwú, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Mùsùlùmí tí mo wà nínú rẹ̀ rán mi lọ sí abúlé kan nílẹ̀ Ìbàrìbá, lápá òkè Kwara lọ́hùn-ún, kí n lọ fi ọdún kan kọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ ní àlùwàlá, ìrun kíkí àti àwọn súrà kéékèèké. Ọ̀dọ̀ ìyàwó lèmọ́mù abúlé náà ni mo dé sí. Bàbá mi fi mí yangàn káàkiri àdúgbò. Tíṣà ni òun náà kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tí kò sọ fún pé ọmọ òun wà lójú ọ̀nà Ọlọ́hun. Màmá mi, tó ń ta ẹ̀wà àti ọkà bàbà ní ọjà Ìpàta, ò sọ nǹkan kan ní tirẹ̀. Èlùbọ́ ló ń dì sínú báàgì mi títí báàgì fi fẹ́ ya.

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí ní abúlé yẹn, àfi lórí àpáta kan lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́. Ibẹ̀ ni mo máa ń gùn lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, kí àwọn òbí mi lè rí mi pè. Ìpè náà ní ètò tirẹ̀. Bàbá á gbé fóònù sórí tábìlì pálọ̀, á tan sípíkà, á wá bẹ̀rẹ̀ ìròyìn bí ẹni tó ń ṣe wáàsí: ẹni tó bímọ, ẹni tó ṣílé, ẹni tó ti Mẹ́kà dé. Kì í sọ ti ẹni tó kú. Ó ní kò yẹ kí wọ́n máa di ẹkún sórí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ Ọlọ́hun. Tí tirẹ̀ bá parí, màmá á gba fóònù, á sọ bí ẹ̀wà ṣe wọ́n tó, á sọ ti ewúrẹ́ aládùúgbò tó ń jẹ ewébẹ̀ wa, á sọ ti àwọn àbúrò mi ọkùnrin tí kò sẹ́ni tó ń fọ abọ́ nínú wọn láti ìgbà tí mo ti lọ. Ká tó parí, ojú oòrùn á ti yí, èmi tí wọ́n ń pè ní rédíò ò sì ní tíì sọ gbólóhùn kan tó nítumọ̀. Síbẹ̀, inú mi máa ń dùn. Èdè Ìbàrìbá ò yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, mo sì máa ń ṣàárò ariwo ilé wa gan-an.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Bàbá ní àáfà tó kọ́ òun ní kéwú wá sílé wa. Àgbàlagbà gidi ni bàbá yìí, ẹsẹ̀ ò gbé e dáadáa mọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bàbá mi gbé dàgbà. Òun ló ń fọṣọ rẹ̀, òun ló ń gbé wàláà rẹ̀, títí di òní olónìí, tí Àáfà bá jókòó síbì kan, bàbá mi ò jẹ́ jókòó sórí àga níbẹ̀. Ilẹ̀ ló máa jókòó sí, bó ti lẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ń dùn ún.

"Wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wá," Bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Àwọn ló jókòó síbí yìí."

Mo kí Àáfà. Mo gbọ́ "ọmọ wọn ọkùnrin", mo tún gbọ́ orúkọ mi, ni fóònù bá kú. Mo ké hẹ́lò, hẹ́lò, mo kọjú síhìn-ín, mo kọjú sọ́hùn-ún, mo na fóònù sókè títí apá fi ń ro mí. Kò sóhun tó dún. Mo rò pé Àáfà kàn wá kí wọn ni. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ bá àwọn obìnrin tí mo ń kọ́.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, màmá ló kọ́kọ́ gba fóònù. Ó ti yẹ kí n mọ̀ nígbà náà pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó ṣàdúà fún mi, ó ní àwọn ará ilé Àáfà ti wá, wọ́n ti jẹ obì àti dàbínù, wọ́n ti ṣe fátíhà, yìgì á sì wáyé lẹ́yìn Iléyá. Mo ní yìgì ta ni? Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"A bi ọ́ lójú gbogbo wa, o sì dákẹ́," ó ní. "Dídákẹ́ ọmọge, gbígbà ni. Ìwọ náà kà á nílé kéwú."

Mo kà á lóòótọ́. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin mi náà ni, pé ìtìjú kì í jẹ́ kí ọmọge sọ pé òun fẹ́, nítorí náà tí wọ́n bá bi í tó dákẹ́, ó ti gbà. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé tó bá wá jẹ́ pé inú ló ń bí i ńkọ́? Mo ní kó jẹ́ ká máa bá ẹ̀kọ́ wa lọ.

Lórí àpáta lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Mo gbọ́ tí màmá mi ń sọ fún bàbá pé ṣé ó rí i, ojú ló ń tì mí. Ilẹ̀ Ìbàrìbá tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú mi, kò sí ògiri, kò sí ọgbà, ó wá ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́.

Mo mọ ọmọ Àáfà náà. Ó ń ta ìwé kéwú, ojúlówó ọmọ ni, tó bá ń kí obìnrin, ilẹ̀ ló máa ń wò. Ká ní ọ̀mùtí ni, tàbí oníjà, ǹ bá rí nǹkan dì mú. Mi ò kàn fẹ́ ẹ ni. Mo fẹ́ parí ọdún mi lọ́dọ̀ àwọn obìnrin yẹn, kí n padà wálé, kí n fojú ara mi wo ẹni tí mo máa bá gbé. Ní Ìlọrin tiwa, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbé lọ síwájú àwọn àáfà.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń gun àpáta náà lójoojúmọ́, bóyá ẹnì kan á pè. Màmá mi ló pè, láti ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìpàta. Abẹ́ gèlè ló ti ń sọ̀rọ̀, mo mọ̀ ọ́n láti inú ohùn rẹ̀.

"Fóònù ti kú kí wọ́n tó bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Mo rí i tí iná rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ náà rí i. Àáfà ń wo ojú bàbá rẹ, ni bàbá rẹ bá gbọ́wọ́ lé fóònù, wọ́n ní alihamudulilahi, ó ti dákẹ́."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀. Ó ní níbo, láàárín àwọn àáfà? Ó ní nígbà tiwọn, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni wọ́n ti bi òun, ẹkún lòun ń sun, wọ́n sì ní òun dákẹ́. Kò sọ bóyá ó dun òun di òní tàbí kò dun òun. Oníbàárà kan dé, màmá mi wọn ẹ̀wà fún un, ó padà sórí fóònù, ó ní Àáfà tún ń bọ̀ wá ṣàdúà fún mi ní ọjọ́ Jímọ̀.

"Tó o bá lẹ́nu," ó ní, "ọjọ́ yẹn ni kó o lò ó."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, mo ti wà lórí àpáta kí wọ́n tó kírun tán. Wọ́n pè. Àáfà bẹ̀rẹ̀ àdúà, ohùn rẹ̀ tínrín, ó ń ti èyí bọ́ sí èyí, èmi náà ń ṣe àmín. Àmín kọ̀ọ̀kan ń dà bí ìgbà tí mo ń buwọ́ lùwé. Nígbà tó sinmi kó mí, mo sọ ọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, fóònù ló kú lọ́jọ́ yẹn. Èmi ò dákẹ́. Mi ò fẹ́ ẹ."

Mo sọ ọ́ sókè débi pé ẹni tó ń wa ẹ̀gẹ́ nísàlẹ̀ gbójú sókè wò mí. Mo ń gbọ́ bí fáànù àjà pálọ̀ wa ṣe ń dún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn bàbá mi. Àáfà ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, Àáfà. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ibẹ̀ ò dáa rárá. A ò gbọ́ nǹkan tó ń sọ."

Ó pa fóònù.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ ju fóònù náà sísàlẹ̀ àpáta. Nígbà tí mi ò sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́ mi ketekete. Nígbà tí mo wá sọ̀rọ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa. Kí ló tún kù tí ọmọ èèyàn lè ṣe?

Mo sọ fún ìyàwó lèmọ́mù pé mo fẹ́ dé ilé, mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ níbẹ̀ kò ṣeé sọ lórí fóònù. Ó bi mí pé ṣé n ó padà wá. Mo gbé báàgì mi. Ọ̀kadà ló gbé mi dé ìdíkọ̀, ọkọ̀ tó wá gbé mi lọ sí Ìlọrin sì fún wa mọ́ra débi pé mi ò rí apá gbé. Jálẹ̀ ọ̀nà ni mò ń to ọ̀rọ̀ mi, mo kó hádíìsì jọ, mo kó èébú díẹ̀ mọ́ ọn, mo mọ ibi tí màá ti gbóhùn sókè àti ibi tí màá ti sunkún.

Bàbá nìkan ló wà ní pálọ̀ nígbà tí mo wọlé. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó bi mí nípa ọ̀nà, ó bi mí nípa lèmọ́mù, ó bi mí bóyá òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún. Gbogbo nǹkan ló bi mí, àfi ohun tó gbé mi wálé. Gbogbo hádíìsì tí mo kó jọ sì ti sá lọ.

"Bàbá, mi ò fẹ́ ẹ," mo wí.

Kò wò mí. "Mo ti gbọ́ ẹ láti ọjọ́ Jímọ̀," ó ní. "Ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́ fún Àáfà ni mi ò rí."

Ìjà ni mo bá wá. Mo ti múra sílẹ̀ de ariwo, mo ti múra sílẹ̀ de èpè pàápàá, mi ò múra sílẹ̀ de èyí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Inú ṣì ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ tún ń ṣe mí, kò sí èyí tó fẹ́ yàgò fún èkejì. Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ sílé Àáfà, èmi ni mo máa sọ̀rọ̀ náà, kí òun ṣáà ti jókòó tì mí.

Ó dákẹ́. Mi ò sọ ìdákẹ́ náà di nǹkan kan. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, mo dúró kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Ó dáa," ó wí nígbà tó yá. "Ká lọ."

Ó dìde, ó ń wá fìlà rẹ̀. Ó wò ó lórí àga, ó gbé tìmùtìmù, ó wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Orí rẹ̀ ni fìlà náà wà.