Ọjọ́ tí Sàdíà Kò Dúnàádúrà

Ẹ bá mi wá ẹni tó lè ná ọjà bíi Sàdíà, ìyàwó Ìkírámù! Ará Ìgbòho ni tọkọtaya náà. Abọ́ àti ìkòkò ni obìnrin náà ń tà ní ọjà Adjamé Roxy, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Tó bá ń ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ, iyekíye tó o bá pè, yóò ná ọ títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi bẹ̀ ẹ́ pé kó máa gbé e lọ. Nílé pàápàá, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọdún mẹ́tàlá ni Ìkírámù fi ń bẹ Ọlọ́run lórí ìrun pé kó fún òun ní ìdákẹ́jẹ́.

Ní 2009, ibà kọlu Sàdíà pẹ̀lú ikọ́ gbígbẹ. Lọ́jọ́ karùn-ún, Ìkírámù dá takisí dúró láti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Awakọ̀ pe owó gọbọi. Sàdíà kàn wọlé jókòó ni. Yéè! Ìkírámù kó wọlé tì í, ó ní kí awakọ̀ yára.

Nọ́ọ̀sì Henriette fi ẹ̀rọ kékeré há Sàdíà níka láti mọ bí atẹ́gùn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ka mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ti ẹni tí ara rẹ̀ le kì í lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Henriette rí làálì dúdú léèékánná rẹ̀, ó pòṣé.

"Làálì ló ń da ẹ̀rọ láàmú. Ẹ lọ jókòó."

Ìkírámù fárígá. "Tantie, obìnrin yìí kò tíì bú ẹnikẹ́ni láti àárọ̀! Takisí rẹ́ wa jẹ, kò fọhùn. Ó ń kú lọ ni!"

Gbogbo ará bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Henriette náà ń rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀rọ há a létí, níbi tí làálì kò dé. Méjìlélọ́gọ́rin! Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n sáré fi atẹ́gùn sí i nímú. Nínú fọ́tò tí wọ́n yà láyà rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì ti ṣú funfun bí ọyẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ti dín kù. Dókítà ní fáírọ́ọ̀sì ni. Kò sí oògùn kan pàtó fún un, àfi kí wọ́n máa fún un ní atẹ́gùn kí ara rẹ̀ máa jà.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ìkírámù fi jókòó tì í. Ìdákẹ́jẹ́ tó tọrọ ti dé wàyí, ó sì ń bà á lẹ́rù gidigidi. Ó bẹ Ọlọ́run pé kó jọ̀ọ́, kó gba ìdákẹ́jẹ́ náà padà.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Henriette ka mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Sàdíà rọra gbé ìbòmú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"C'est ton dernier prix? Ṣé jálẹ̀ rẹ nìyẹn? Fi díẹ̀ sí i."

Ìkírámù bú sẹ́kún. Sàdíà yíjú sí i.

"Bàbá Qudirat, ẹ fi ẹkún sílẹ̀ ná. Èló ni takisí yẹn gbà lọ́wọ́ yín?"