Àwo Tó Ń Padà Lófìfo

Ní àdúgbò tí Rabihan ń gbé ní Káṣígà, ìlú àwọn ẹ̀yà Uíga ní ilẹ̀ Ṣáínà, àwo aládùúgbò kì í padà sílé lófìfo. Bí wọ́n bá gbé ìrẹsì ẹlẹ́ran àgùntàn wá fún ọ, tí o bá ń dá àwo padà, o gbọ́dọ̀ fi nǹkan sí i, ì báà ṣe ẹ̀kúnwọ́ àjàrà gbígbẹ. Ẹni tó bá dá a padà lófìfo, ohun tó ń wí ni pé, "Má gbé nǹkan wá sọ́dọ̀ mi mọ́." Ẹnikẹ́ni ò ní la ẹnu sọ ọ́ o. Àwo ló máa sọ ọ́.

Rabihan yìí ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan ṣoṣo. Ọlọ́run ò fún un lọ́mọ, àmọ́ kò sí ọjọ́ tí ilé rẹ̀ kì í kún. Haṣim ọkọ rẹ̀ ni gbogbo ìlú ń pè ní Tíṣà. Tíṣà yìí ló kọ̀wé pé kí ìjọba jẹ́ kí àwọn ọmọ Uíga máa fi èdè ìyá wọn kàwé, pé ẹ̀yà tó kéré níye náà lẹ́tọ̀ọ́ tirẹ̀. Ohun tó kọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọlọ́pàá wá mú un lọ́sàn-án gangan níbi tó ti ń gé bàrà, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rìndínlógún.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni àwo tí Rabihan fi ń gbé oúnjẹ fún àwọn aládùúgbò ti ń padà lófìfo. Wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á yára lọ. Nígbà tó yá, ìkòkò tíì ni Rabihan ń bá sọ̀rọ̀. "O ti ń hó? Dúró dè mí o."

Lọ́jọ́ kan, ó pàdé Tohtihan, ìyá àgbà tí ògiri ilé wọn so mọ́ra, níwájú ilé oníbúrẹ́dì.

"Ẹ káàárọ̀, màmá."

Tohtihan wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Rabihan, iṣẹ́ ìjọba lọmọ mi ń ṣe. Má bínú sí mi."

"Ta ló ń bínú? Àwo tí ẹ dá padà mọ́ tónítóní. Ẹ kúkú mọ àwo fọ̀."

Ìyá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ò jẹ́. Ó gba búrẹ́dì rẹ̀, ó lọ.

Ní ọdún kẹrin ni ọ̀gá kan wá láti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó ní wọ́n gbà kí Rabihan lọ rí ọkọ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní ìwé kan wà nílẹ̀. Bí Tíṣà bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé irọ́ lòun kọ, ilé ló ti máa jẹ bàrà ọdún yìí. "Tìẹ ló máa gbọ́. Ṣáà sọ bí o ṣe ń gbé fún un."

Rabihan ní òun á sọ ọ́. Ẹ má bú u o. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin dá jẹun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u. Nínú bọ́ọ̀sì, bó ṣe jìnnà tó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń há sórí: "Ẹ tọwọ́ bọ̀wé, kí ẹ máa bọ̀ nílé."

Wọ́n mú un jókòó síwájú gíláàsì, wọ́n gbé tẹlifóònù lé e lọ́wọ́. Wọ́dà kan dúró sẹ́yìn rẹ̀. Haṣim wọlé ní òdìkejì. Ó ti rù, eyín méjì sì ti lọ níwájú ẹnu rẹ̀.

"Rabihan, o ti darúgbó o."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Tíṣà? Ta ló jẹ eyín yín?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó tó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé àwo ṣì ń padà wá tòun ti nǹkan nínú? Wọ́n sọ fún mi pé o ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ òótọ́, màá tọwọ́ bọ̀wé wọn lónìí. Ẹ̀wọ̀n tèmi ni mo gbà, mi ò gbà kí wọ́n fi ọ́ kún un."

Họ́wù! Kò tiẹ̀ ní láti bẹ̀ ẹ́ mọ́. Kó ṣáà sọ òótọ́ ni. Rabihan sún mọ́ gíláàsì. Ó wo ojú ọkùnrin náà. Ó ti rẹ ojú ọ̀hún, àmọ́ ojú Haṣim náà ni. Ó wá ro ẹni tó máa wá bá òun nílé bó bá tọwọ́ bọ̀wé, ọkùnrin tí kò ní lè wo ojú ọmọ kankan tó kọ́.

"Ta ló parọ́ yẹn fún yín?" ló wí. "Tohtihan ò tiẹ̀ jẹ́ n sinmi! Lánàá yìí, àjàrà gbígbẹ kún àwo débi pé ó ń dà sílẹ̀. Mo ní, 'Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí n bẹ́ ni?'"

Haṣim bú sẹ́rìn-ín. "Tohtihan? Ahun yẹn!"

"Ó ti yí padà."

"Ó dáa." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bá mi kí i."

Ọ̀gá náà ń dúró dè é níta. "Ṣé o sọ bí o ṣe ń gbé fún un?"

"Mo sọ ọ́."

"Wọ́dà ti jẹ́ kí n mọ ohun tí o sọ fún ọkọ rẹ. O ò ní rí i mọ́."

"Mo gbọ́," ni Rabihan wí.

Nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin kan jókòó tì í, ó bi í níbi tó ti ń bọ̀. Rabihan ní ọ̀dọ̀ ọkọ òun ni.

"Ara wọn le?"

"Ó le. Wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín."

Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀ ní ìbùdókọ̀ kejì. Ó ku wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó dé Káṣígà.